Iná Ààrò Dornhalde

Orí àkàbà ni Wolfhart wà, tó ń ká ápù, nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé ó ti di ọba. Ọ̀rọ̀ náà bà á nínú jẹ́ débi pé kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ padà sílé, Ọ̀gbẹ́ni Nothnagel," ló wí láàárín ewé. "Ẹ sọ fún wọn ní Dornhalde pé ẹ ò bá mi nílé."

"Mo ti bá yín nílé," ni Nothnagel dáhùn. "Mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Irú èèyàn tí Nothnagel jẹ́ nìyẹn. Ọdún karùnlélógójì rẹ̀ rèé nídìí iṣẹ́ akọ̀wé ààfin Dornhalde, ohun tí kò bá sì sí nínú ìwé, lójú tirẹ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó tó dé Birkensee, ìbàdí ń ro ó, síbẹ̀ kò ṣàròyé. Ó dojú agbọ̀n kan dé, ó jókòó lé e, ó nu imú rẹ̀, ó wá ro ẹjọ́ tó gbé wá lẹ́sẹẹsẹ. Gebhard, ọba Dornhalde, ẹ̀gbọ́n bàbá Wolfhart, ti kú. Kò fi ọmọ sáyé. Bàbá Wolfhart fúnra rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹni tó kàn ló wà lórí igi ápù yìí tó ń sá pamọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ta ni wọ́n máa fi jọba tí yóò kọ̀? Ẹni tó bá ti dé Dornhalde rí ni yóò kọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Wolfhart nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ wo bí Gebhard ṣe máa gba ilẹ̀. Aláwàdà ni Gebhard nígbà náà, kì í rìn kó má súfèé. Ó súfèé wọ ilé ìdáná ààfin lọ. Ó pa iná tí ọba tó kú fi sílẹ̀ nínú ààrò, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣá òmíràn, bí àṣà wọn ṣe wí. Nígbà tó jáde, kò súfèé mọ́. Ó jókòó sídìí tábìlì gígùn, ó wá sún àga rẹ̀ díẹ̀ sápá kan, bí ìgbà téèyàn ń fàyè gba ẹni tó fẹ́ jókòó tì í. Wolfhart ń wò ó. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Gebhard ò sun ìta Dornhalde mọ́, nítorí ọba ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sùn lẹ́yìn òkúta ààlà, gbogbo ilẹ̀ ọ̀hún kò sì ju àfonífojì kan àti abúlé méje lọ. Ọdún méjìdínlógójì ló fi wà níbẹ̀.

Òtútù ló lé Wolfhart sọ̀ kalẹ̀ nígbẹ̀yìn. Wọ́n wọlé. Rosine, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti kúnlẹ̀ sídìí ààrò. Òun ló máa ń dáná nílé náà. Yìnyín ojú ogun ti jẹ ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀, àwọn tó kù ò sì gbóràn sí i lẹ́nu, pàápàá tí òtútù bá mú. Ọmọ náà fi irin lu òkúta ìṣáná lẹ́ẹ̀kan péré, iná mú òwú, ó fẹ́ ẹ, ó sì sọ ohun tó máa ń sọ láràárọ̀.

"Ó ti jó, Bàbá. Ẹ wá yáná."

Nothnagel wo ọwọ́ ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ yẹn yá."

"Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí mo wà lójú ogun," ni Wolfhart wí. "Ta ni ì bá máa dáná fún un? Ọ̀gbẹ́ni Nothnagel, ẹ lọ wá ẹlòmíràn jọba yín."

"Kò sẹ́lòmíràn. Ohun mẹ́ta la fi ń gba ilẹ̀. Èérún igi tí a máa gé lára ìlẹ̀kùn ẹnubodè, ògúlùtu tí a máa wà nínú ilẹ̀, a lè kó ìyẹn wá bá yín sínú àpò. Iná nìkan ni ò ṣe é bá èèyàn ṣá. Ọwọ́ tó bá dáná náà ló ni ilẹ̀."

"Mo ní n ò lọ."

"Mo gbọ́. Ìwé ni mò ń rò." Bàbá àgbàlagbà náà ti yọ kálàmù. "Tí ẹ ò bá wá, ta ni kí n kọ pé ó ń jọba?"

Wolfhart ti mu ọtí ápù díẹ̀, inú sì ń bí i. Ó ní, "Ẹni tó ń jẹ ẹ́ bọ̀, kó máa jẹ ẹ́ lọ."

Nothnagel kọ ọ́. Ó kà á síta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó bi í bóyá bó ṣe wí i nìyẹn. Wolfhart ní bó ṣe wí i gan-an nìyẹn. Ó fọwọ́ òsì buwọ́ lù ú, ó ń rẹ́rìn-ín. Nothnagel ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó da yanrìn sí ìwé náà kó lè gbẹ, ó ká a, ó sì kọrí sílé.

Níbòmíràn, wọ́n á ní inú ló ń bí ọkùnrin náà, kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. Àwọn ará Dornhalde kì í gbàgbé ohun tí wọ́n buwọ́ lù.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, pẹ̀lú yìnyín. Wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Wolfhart fún ìfọkàntán rẹ̀, wọ́n ní àwọn á sa ipá àwọn. Gebhard ló buwọ́ lù ú. Wolfhart rẹ́rìn-ín, ó ní Nothnagel arúgbó yìí mọ àpárá dá o, ó sì fi lẹ́tà náà dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé lójú fèrèsé.

Ìkejì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́ ló wà níbẹ̀, àti ti ìgbeyàwó kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọ̀kan nínú abúlé méje. Gebhard ló tún buwọ́ lù ú. Lọ́tẹ̀ yìí Wolfhart ò rẹ́rìn-ín. Ó wá lẹ́tà ìgbà àtijọ́ tí Gebhard kọ sí bàbá rẹ̀ jáde, ó gbé méjèèjì síra. Ọwọ́ kan náà ni. Ìdí lẹ́tà G tó máa ń fà sísàlẹ̀, tó sì máa ń ká padà, ó wà níbẹ̀ pérépéré. Tàdáwà rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ó funfun díẹ̀, ó sì tutù tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ó jókòó ti lẹ́tà náà sídìí iná fún wákàtí kan, ó ṣì tutù.

Ẹ̀kẹta dé lẹ́yìn Kérésìmesì. Rosine ló gbà á lọ́wọ́ oníṣẹ́, nítorí orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ń jẹ́ Gebhard?"

Wolfhart gba ìwé náà, ó kà á. Ìwé náà sọ pé láyé àtijọ́ ọkùnrin nìkan ló ń jọba ní Dornhalde. Níwọ̀n bí ọkùnrin tó kù nínú ẹbí ò ti fẹ́, ọba ti fọwọ́ sí i pé ọmọbìnrin náà lè jẹ. Rosine ti Birkensee ni òun yàn. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin á wá gbé e ní ọjọ́ Ọba Mẹ́ta, ìyẹn ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní, kó wá gba ilẹ̀. Nísàlẹ̀ ìwé náà, ọwọ́ kan náà fi kún un pé: Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ àbúrò mi.

Ẹ̀rù bà á, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Ó ní kí wọ́n fòun ṣeré, kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ọmọ òun ṣe é. Ó rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì rí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọba tuntun bá sọ ní Dornhalde máa ń borí gbogbo ohun tí ọba àtijọ́ buwọ́ lù, gbogbo ẹbí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á lọ dáná náà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ òun á jẹ́ pé Rosine ò ní jọba láéláé, kò sì ní sùn ní Dornhalde. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe òun bí wọ́n bá ṣe fẹ́.

Ṣé kó wá fi ọmọ sílẹ̀ ní Birkensee ni, kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin ọ̀hún wá gbé e lẹ́yìn òun? Ó mú un dání. Nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí òun fúnra rẹ̀ háyà ló ti sọ fún un pé tí òun bá ti dáná tán, awakọ̀ á yí padà lójú ẹsẹ̀, á sì gbé e lọ bá Ìyá Sibylle, aládùúgbò wọn. Ibẹ̀ ni yóò máa gbé.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Màá dúró síbẹ̀."

"Fún ọjọ́ mélòó?"

Wolfhart wo ìta. Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti dúró de bàbá yìí rí, nígbà ogun, ọdún mẹ́rin gbáko, ó sì rántí ẹni tó kú kó tó dé. Ó fi aṣọ òtútù bo orí, ó sì ń sunkún jẹ́jẹ́ lábẹ́ rẹ̀ títí ó fi sùn. Wolfhart gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Àárọ̀ ni wọ́n wọ Dornhalde. Oòrùn wà lókè, yìnyín ń dán, èéfín ń rú láti orí gbogbo ilé inú àfonífojì náà. Tí ẹ bá rí i, ẹ máa ní ibi tó dáa ni. Nothnagel ti dúró lẹ́nubodè pẹ̀lú àáké kékeré kan àti ìwé rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ló wí. "A ń retí ọmọ. Bàbá rẹ̀ la rí."

"Èmi ni mo fẹ́ gba ilẹ̀. Ṣé kò tíì pẹ́ jù?"

"Iná ṣì ń jó. Kò tíì pẹ́." Ó na àáké sí i. "Ó dùn mọ́ mi nínú o, tí ẹ bá fẹ́ kí n sòótọ́. Ìwé tí mò ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá yín kì í gbẹ mọ́."

Wolfhart fọwọ́ òsì gé èérún igi kan lára ìlẹ̀kùn. Awakọ̀ bá a fi ọkọ́ olórí mímú fọ́ ilẹ̀ tó ti dì, Wolfhart gbé ògúlùtu kan, ó fi í sápò. Nothnagel kọ méjèèjì. Rosine ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó di etí ẹ̀wù bàbá rẹ̀ mú.

Kí wọ́n tó dé ilé ìdáná, wọ́n gbọ́dọ̀ gba gbọ̀ngàn tí tábìlì gígùn wà kọjá. Ìyá Walpurga, alásè ààfin, ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ lọ́wọ́. Abọ́ kan ni, ọbẹ̀ ọtí bíà tí wọ́n po ẹyin mọ́, èéfín ń rú lórí rẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì dúdú. Ó gbé e síwájú àga ọba. Àga náà ṣófo. Bàtà onírun méjì, irú èyí tí àwọn àgbà máa ń wọ̀ nínú ilé, wà nísàlẹ̀ rẹ̀, orí wọn kọjú sábẹ́ tábìlì.

"Ta lẹ gbé ìyẹn fún, Ìyá Walpurga?" ni Wolfhart bi í, bó tilẹ̀ mọ̀.

"Ta ni kí n gbé e fún? Ọba ni." Obìnrin náà fi ẹ̀wù ìdáná rẹ̀ nu ọwọ́. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí tábìlì. "Ẹ̀yin lẹ ní kó máa jọba lọ. Ẹni tó bá ń jọba gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i jàre, kì í fẹ́ kéèyàn máa wo òun."

"Ó ń jẹ ẹ́?"

"Ó ń jẹun ju ìgbà ayé ẹ̀ lọ. Nígbà ayé ẹ̀, ó máa ń ní ọbẹ̀ mi níyọ̀ jù."

Nothnagel ti kọ ẹ̀yìn. Wolfhart náà kọ ẹ̀yìn, ó ń tijú ara rẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀, àgbàlagbà mẹ́ta, wọ́n dojú kọ ògiri bí ọmọ iléèwé tí tíṣà fìyà jẹ. Wolfhart gbọ́ ìró ṣíbí lára abọ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn ló rántí pé Rosine wà lẹ́yìn òun, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó kọ ẹ̀yìn.

"Bàbá," ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "ó sún àga fún mi."

Wolfhart yí padà, ó sì fa ọmọ mọ́ra. Abọ́ ti dé ìdajì. Ṣíbí tutù lára. Àga ọba ti sún díẹ̀ sápá kan.

"Ilé ìdáná dà?" ló wí. "Ká ṣe é kó tán."

Wọ́n wọ ilé ìdáná. Nothnagel juwọ́ lójú fèrèsé, agogo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí dún nísàlẹ̀. Tí iná ààfin bá kú, gbogbo ilé ní Dornhalde máa ń pa tiwọn, kí wọ́n lè wá bu iná tuntun. Wolfhart bu omi sínú ìkòkò, ó dà á sórí ẹyin iná. Ó dún ṣàà, eérú bo ojú rẹ̀. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, ó rí i bí èéfín ṣe ń tán lórí ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ àfonífojì títí dé òkè, títí kò fi sí ẹyọ kan mọ́. Agogo dákẹ́. Ajá ò gbó. Kò sọ́ba ní Dornhalde.

Ìyá Walpurga kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta ààrò. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ náà ni tẹ́lẹ̀. "Ó ṣì gbóná," ló wí. "Kó tó tutù ni o. Tó bá tutù kí iná tuntun tó jó, ẹni ìṣáájú ló ni ín títí láé. Ohun tó sì buwọ́ lù gbẹ̀yìn ló máa dúró."

Ohun tó buwọ́ lù gbẹ̀yìn ni orúkọ Rosine.

Wolfhart gbé òkúta ìṣáná sọ́wọ́ òsì, ó fi ìka méjì tó kù lọ́wọ́ ọ̀tún há irin. Ó lù ú. Irin yọ̀. Ó tún un lù, iná ta díẹ̀, kò mú òwú. Òtútù tó ti ń jẹ ẹ́ láti ẹnubodè ti wọ inú ìka. Láti ìgbà tí lẹ́tà kẹta ti dé ló ti ń fi àṣálẹ́ kọ́ ọ ní ìkọ̀kọ̀, inú yàrá tó móoru ló sì ti ń kọ́ ọ, òun náà mọ̀ báyìí pé ìwà òmùgọ̀ ni. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ó lu ìka ara rẹ̀.

"Ó ti ń lọ́wọ́ọ́wọ́," ni Ìyá Walpurga wí.

"Ẹ jẹ́ n gbé òwú súnmọ́ yín," ni Nothnagel wí, ó sì dá ọwọ́ ara rẹ̀ dúró. "N ò gbọ́dọ̀. Ẹ má bínú, Ọ̀gbẹ́ni. N ò gbọ́dọ̀."

Ní gbọ̀ngàn, àga kan ha ilẹ̀. Wọ́n gbọ́ bàtà onírun, ó ń wọ́lẹ̀, ó ń bọ̀, ẹsẹ̀ àgbàlagbà tí kò kánjú. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Wolfhart lu irin, ó lù ú, ó lù ú. Ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀ ti ta sí òwú, ó sì ti rẹ apá kan. Ó ń sọ lábẹ́nu pé Ọlọ́run jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Ó kù díẹ̀ kó tutù."

Ẹsẹ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó dúró. Ẹnì kan sì ń súfèé lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, orin ijó àtijọ́ kan. Wolfhart mọ orin náà. Ó ti tó ọdún méjìdínlógójì tó gbọ́ ọ kẹ́yìn. Òkúta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, irin bọ́ tẹ̀ lé e, ó sì yí ojú sí ìlẹ̀kùn. Kò ju bí èèyàn ṣe máa ń mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ tó fi yí ojú. Èmi ò lè bá a wí. Ta ni ò ní wò?

Rosine ti ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó rí ẹ̀jẹ̀. Ó rí i pé òtútù mú un, pé ó ń gbọ̀n, pé àwọn àgbà tó dúró yìí ò ràn án lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, ó yí apá òwú tó gbẹ sókè, ó lu irin lẹ́ẹ̀kan.

Wolfhart gbọ́ ìró yẹn, ìró kan ṣoṣo tó mọ́. Kó tó yí padà ló ti mọ̀.

"Ó ti jó, Bàbá," ni ọmọ náà wí. "Ẹ wá yáná."

Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ẹnì kan mí kanlẹ̀. Ìró súfèé náà ń lọ, ó gba gbọ̀ngàn kọjá, ó gba àgbàlá, ó ń lọ sápá ibi tí òkúta ààlà wà, ẹsẹ̀ tó ń bá a lọ yá báyìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó. Wọn ò gbọ́ ọ mọ́.

Ìyá Walpurga ò dìde lórí eékún. Ó yíjú sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ó sì tẹrí ba.

"Èmi ni," ni Wolfhart ń wí. Ó ti di ọwọ́ Nothnagel mú. "Èmi ni mo dá a. Ẹ kọ orúkọ mi. Ta ló máa mọ̀? Àwa mẹ́rin la wà níbí. Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ kọ orúkọ mi."

Omi ń bọ́ lójú Nothnagel, ó ń bọ́ sórí ìwé. Ọdún márùnlélógójì rẹ̀ nìyẹn, n ò rò pé ó ti sunkún sórí ìwé rí. Ṣùgbọ́n kò gbé kálàmù kúrò. "Mo rí ọwọ́ tó dá a," ló wí. "Kí orúkọ mi má jẹ́ Nothnagel tí mo bá kọ ohun tí n ò rí." Ó tẹrí ba síwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ náà. "Kábíyèsí, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín àkọ́kọ́, kí n kọ ọ́."

Ìrètí tó kù nìyẹn. Wolfhart kúnlẹ̀, ó gbá èjìká ọmọ mú. "Rosine, gbọ́ mi. Sọ fún un pé o ò..."

"Wọn kì í kọ́ ọba lọ́rọ̀," ni Nothnagel wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, n ò ní lè kọ ọ́."

Rosine wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀, ó wo arúgbó tó ń sunkún, ó wo bàbá rẹ̀. Ó rò pé òun ti ṣẹ̀. Ó rántí kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó ń dúró níta, tí awakọ̀ ò tú ẹṣin rẹ̀, tó fẹ́ gbé òun lọ bá Ìyá Sibylle. Ó di ẹ̀wù bàbá rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Mi ò fẹ́ kí Bàbá mi fi mí sílẹ̀," ló wí. "Kí wọ́n jókòó tì mí. Kí wọ́n má lọ síbì kankan láé."

Kálàmù Nothnagel dún lórí ìwé. Ó kọ ọ́ bí ọmọ náà ṣe wí i gẹ́lẹ́, títí dórí láé. Ó kà á síta, ó bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Rosine ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn èèyàn ti ń gòkè bọ̀ láti abúlé pẹ̀lú fìtílà wọn láti wá bu iná, ohùn wọn ti ń dún lágbàlá. Ìyá Walpurga dìde. Ó lọ sí gbọ̀ngàn, ó kó abọ́ Gebhard kúrò, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó sì gbé e padà. Ó gbé abọ́ kejì tì í, èyí tó kéré. Ó mú bàtà onírun yẹn, ó wo ẹsẹ̀ Wolfhart, ó gbé e síwájú rẹ̀.

Rosine ti gun orí àga ọba, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Ó sún díẹ̀ sápá kan.

"Ẹ wá jókòó, Bàbá," ló wí. "Ọbẹ̀ ti ń tutù."

Wolfhart bọ́ bàtà ìrìnàjò tó wọ̀ wá láti Birkensee. Ó wọ bàtà onírun náà, ó bá a lẹ́sẹ̀ mu, ó sì jókòó.